Arère Tó Wó Lu Ọ̀gànwó Ọ̀mọ̀wé Akínlòyè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé, bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ là á kọ́kọ́ gbé? Ẹ má wulẹ̀ wojú ara yín. Ẹ fi etí sílẹ̀.

Ní ibùdó ìwádìí igi kan báyìí, Ọ̀mọ̀wé Akínlòyè ló ń ṣe ìwádìí ọ̀gànwó, Màdáámù Fáladé ló ń ṣe ti arère. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi onígi láìtọrọ àyè. Akínlòyè fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin yìí, lọ́jọ́ tí Màdáámù gé ọ̀gànwó rẹ̀ kékeré kan fi se ẹ̀wà. Láti ìgbà náà ni wọn kì í ti í kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, olúkúlùkù á gbójú sókè, á máa wo igi.

Ọ̀gànwó kan wà tí Akínlòyè fẹ́ràn bí ọmọ. Òun ló gbìn ín, òun ló ń wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Àwọn àlejò láti Àbújá ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á ti iṣẹ́ rẹ̀ pa. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ gan-an ni ìjì jà. Ọ̀gànwó wó. Ìyẹn kò dun Akínlòyè jù, nítorí igi tó dùbúlẹ̀ náà ṣeé wọ̀n. Àmọ́ arère Màdáámù tún wó lé e lórí, ó bò ó pátápátá.

Akínlòyè mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Àmọ́ ṣé òun ni yóò wá lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin yẹn? Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, olúkúlùkù a ṣọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó pe Mùkáílà tó ń wa katakata, ó ní kó so ṣéènì mọ́ ọ̀gànwó, kó fà á yọ lábẹ́. Mùkáílà béèrè pé arère ńkọ́. Akínlòyè ní tiwọn kọ́ nìyẹn.

Katakata fà. Ọ̀gànwó kò mira. Arère ló yí, ó gbá igi máńgòrò, máńgòrò sì wó lu ilé tí wọ́n ń kó irúgbìn sí. Akínlòyè ní kó tún fà, pé máńgòrò náà kì í ṣe tiwọn. Ni ṣéènì bá já. Katakata sáré wọ ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn de àwọn àlejò. Arère yí padà, Akínlòyè forí bẹ́ sínú kòtò kan, arère sì dé kòtò náà lórí. Kò fara pa o, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù níta.

Àwọn òṣìṣẹ́ sáré dé, Màdáámù tẹ̀ lé wọn. Mùkáílà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé arère kì í ṣe tiwọn, ọ̀gá ni tiwọn, nítorí náà ọ̀gá ni kí wọ́n fà. Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n fà á. Ṣòkòtò yọ, ọ̀gá kò yọ. Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ọkọ̀ àwọn àlejò fi wọlé. Mùkáílà ní kí wọ́n dúró, kí òun lọ mú katakata wá.

Ohùn kan ti inú kòtò jáde wá. “Màdáámù Fáladé, mo tọrọ àyè lórí arère yín.”

Màdáámù ní, “Ẹ káàárọ̀ ńkọ́?”

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ẹ káàárọ̀, Ọ̀mọ̀wé. Mo yọ̀ǹda.”

Olórí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kí ni wọ́n rí nínú ìwádìí wọn láti ọjọ́ yìí.

Akínlòyè dá a lóhùn lábẹ́ níbẹ̀ pé, “Bí igi bá wó lu igi, ẹ jọ̀ọ́ sà, tòkè rẹ̀ là á kọ́kọ́ gbé.”