Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Mú Agbe

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn akin. Ajíbádé Oyèkànmí ni mò ń wí, Àkàndé ọmọ Arówólò, ọmọ ọkùnrin tó pàdé ẹfọ̀n létí odò, tí ẹfọ̀n sì yà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà níbẹ̀ ní màlúù lásán ni. Tíṣà tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní ìṣirò. Arìnnà-oko-má-roko, tó fẹ̀yìntì tán tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó ń ya fọ́tò ẹyẹ kiri. Ọdẹ aláìtàjẹ̀sílẹ̀, ọdẹ tí ìkòkò ọbẹ̀ aya rẹ̀ kò mọ̀. Ó ti ká ẹ̀gà mọ́ àárín ariwo rẹ̀. Ó ti ká àparò mọ́ inú ebè. Lékeléke kò tilẹ̀ sá fún un mọ́.

Ogun kan ló kù, ogun agbe, agbe tó laró tí kì í ráhùn aró. Ajíbádé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì pé òun rí agbe létí odò. Ògúndípẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ọdún tí wọ́n ti gé igbó yẹn, agbe wo ló kù? Ẹ mú fọ́tò wá nípàdé tó ń bọ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, òun náà ni wọ́n wá sọ di òpùrọ́ lójú ẹgbẹ́. Ó dùn ún wọra.

Àárọ̀ mẹ́tàdínlógún ló fi jáde, tó na ọrùn sókè sí orí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà létí odò náà. Agbe ń wá o. Ìkíni ni kò jẹ́. Lọ́nà oko wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń wá. Bí agbe bá ti bà báyìí, ẹnìkan á yọ: "Ẹ kú ìdúró o, Tíṣà! Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Akin á dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó kan àwọn ọmọ, agbe ti dé oko ẹlòmíì.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé tí ìpàdé yóò wáyé, ó búra pé bí ọba ló kí òun, òun kò ní dáhùn. Ó dúró gbọin lẹ́yìn igi. Ta ló yọ? Ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún, pẹ̀lú ẹrù ewé lórí.

Ẹ̀yin ará, ènìyàn lè rí ọba kó yà sínú igbó. Ta ni yóò dúró lóòró níwájú àna? Akin ṣubú gbalaja. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ohun tí Ajíbádé ti ń wá lóòró láti ọjọ́ yìí wá, ìdọ̀bálẹ̀ ló ti rí i: lábẹ́ ewé, ní àlàfo tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, agbe wà létí odò, ó ń mu omi.

"Bàbá Títílọlá, ẹ dìde jàre, ìrì pọ̀ nílẹ̀."

Kò dìde.

"Mo ní kí ẹ dìde, mo ti rí yín."

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni akin ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń tẹ kámẹ́rà, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Omi lé sójú ìyá àgbà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wúre fún un, ó wúre fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti fà á dìde. Agbe fò lọ.

Nírọ̀lẹ́, Ògúndípẹ̀ tẹjú mọ́ fọ́tò náà títí. "Agbe ni," ló wí. Ó tún wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Agbe ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta lèyí?"

Kí ilé gbọ́, kí oko gbọ́, kí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó fẹ́ ṣẹ́ akin lọ́rùn gbọ́: Ajíbádé Oyèkànmí kò purọ́! Agbe ń bẹ létí odò wa, ẹgbẹ́ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Fọ́tò náà wà lára ògiri ilé ìpàdé, agbe lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ àna lápá òsì. Ìyá àgbà ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé kò sí ọkọ ọmọ tó mọ iyì àna bí tòun. Láti ọjọ́ náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé, kì í tètè ní kó dìde mọ́.