Ihò Afẹ́fẹ́ Tí Mo Lu Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Ìdáná

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láyé: ọjọ́ tí mo fi ata díndín pa àwọn ará ìjọ wa lẹ́kún ní pálọ̀ ìyá mi, ní Festac. Àwọn kan ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ilé ṣáà tutù.

Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan ṣoṣo, tí ọ̀nà onípáànù ń gbé atẹ́gùn rẹ̀ gba orí àjà lọ sí gbogbo yàrá. Ẹ̀rọ ń pariwo, pálọ̀ ò tutù. Ibẹ̀ sì ni Màmá ti ń gba ìpàdé àdúrà lálejò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dádì Adéṣínà, bàbá àgbà tó ń darí ìpàdé náà, wá sọ pé bí ooru ò bá dín kù kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé ẹlòmíràn ni àwọn máa gbé e lọ. Mo rí Màmá tí wọ́n ń nu àwọn àga wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dágbére. Inú bí mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà jáde ni. Mo yẹ ẹ̀rọ náà wò, mo rí àìsàn rẹ̀: ó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde, kò rí ọ̀nà tó tó láti fà á padà. Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Wàídì, tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Agboju, pé mo fẹ́ lu ihò kan sí i tí á máa fa atẹ́gùn padà. Ó bi mí pé ta ló máa gun àjà. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé obìnrin bíi tèmi ló fẹ́ gun àjà. Láti ìgbà náà, etí ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, tó ń gba tòsì jáde, títí kan èyí tó ṣe pàtàkì jù.

"Ẹnjiníà, má lu ihò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì o. Nǹkan tó bá fà níbẹ̀ ló máa pín kárí ilé."

Ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì ni mo lu ú sí. Ibẹ̀ ló yá jù, páànù tí mo rà ní ọjà Trade Fair ò sì lè dé ibòmíràn. Ẹsẹ̀ mi kan já àjà yàrá Màmá, wọ́n wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ọmọ wọn tó ń mì lókè. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, pálọ̀ tutù nini. Díẹ̀ ló kù kí n lọ sí Agboju lọ yọ ṣùtì sí Ẹ̀gbọ́n Wàídì.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Dádì Adéṣínà fa agbádá wọn mọ́ra, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn. Inú Màmá dùn. A ti gbogbo fèrèsé. Ẹni tó bá gbàlejò ìpàdé ló ń se oúnjẹ, ẹ̀yìnkùlé ni Màmá sì máa ń gbé sítóòfù sí nítorí ooru. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n ní ọmọ àwọn ti tún ilé ṣe, àwọn ò jókòó sínú oòrùn mọ́. Inú kíṣìnì ni wọ́n ti da ata sí òróró gbígbóná.

Ẹ̀rọ mi fà á. Ó fà á dáadáa.

Àdúrà ìrònúpìwàdà ni a wà. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Dádì ní, "Ẹ má dá a dúró, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́." Àwọn èèyàn túbọ̀ gbóhùn sókè, wọ́n sì túbọ̀ ń fa ata símú. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó sọ̀kalẹ̀. Mo dìde láti lọ pa ẹ̀rọ, arábìnrin kan dì mí mú, ó ní kí n má sá fún Ọlọ́run. Mo ń bẹ̀bẹ̀ nínú mi pé kí iná lọ. Iná tó ń lọ lójoojúmọ́ ò lọ. Ìgbà tí Dádì fúnra wọn sín títí tí wọn ò lè ṣe àmín ni gbogbo wa tú jáde síta.

Dádì bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà," ni mo wí. "Ata ni wọ́n gbé sún mọ́ ọn."

Màmá wò mí. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àmọ́ mi ò sorí kọ́. Dádì nu ojú wọn, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti sunkún báyẹn nínú àdúrà. Ìpàdé ò ní kúrò nílé wa, kí n ṣáà ti gbé ihò náà kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo wá Ẹ̀gbọ́n Wàídì lọ. Ó fẹ́ gun àjà, mo ní kó bá mi di àkàbà mú. Ó sì dì í mú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín náà lè máa sọ òótọ́. Etí dídi ló lu ihò yẹn, kì í ṣe obìnrin tí mo jẹ́. Ihò tuntun ṣì wà nígun pálọ̀, ilé ṣì ń tutù. Àmọ́ bí ata bá ti kan òróró nílé wa báyìí, ẹnì kan á ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́." Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó sáré lọ ṣí fèrèsé.