Olóyè Sọ Òkúta Mẹ́fà Lórúkọ

Ẹ bá mi kí Olóyè Fọlọ́runṣọ́ o, Ọ̀mọ̀wé-láìṣíwèé, Ọkọ Máíìkì, ẹni tí agbádá funfun rẹ̀ gùn débi pé bí òun bá ti wọ Ìsọlọ̀, etí aṣọ ṣì ń wọ́ nílẹ̀ ní Bọ́ládé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kọ́ yàrá ìkàwé, wọ́n ní orúkọ ọ̀mọ̀wé gidi làwọn máa kọ sára ògiri rẹ̀. Ni Olóyè bá gbé òkúta mẹ́fà jáde. Tírílóbáìtì ni wọ́n, ẹranko òkun ayé àtijọ́ tó ti di òkúta, bí edé tó wọ ìhámọ́ra. Ó ní ẹ̀yà mẹ́fà tí ojú kò rí rí ni, òun lòun ṣàwárí wọn.

Ó wá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ òkúta nínú yàrá ìkàwé náà. Oyin wà, iyọ̀ wà, obì wà. Níta, akunlé ti ń fi ọ̀dà kọ orúkọ Olóyè sára ògiri gàdàgbà.

"Èyí tó kéré jù, Fọlọ́runṣọ́ Kìíní! Èyí tó tẹ̀ lé e, Fọlọ́runṣọ́ Kejì!" Ó ń fi oyin kan òkúta lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lá a.

Bó ṣe dórí Ẹ̀kẹfà, Ìyá Ajíbọ́lá, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa ní báọ́lọ́jì, dìde.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, oríkèé mélòó ló wà lára ẹ̀yìn Kìíní?"

"Méjì."

"Kejì ńkọ́?"

"Mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò jọra!"

"Orí wọn ńkọ́? Ojú wọn?"

"Bákan náà ni. Iṣẹ́ Olúwa ni!"

"Iṣẹ́ ìdàgbà ni, sà. Ẹranko yìí máa ń bọ́ èèpo bí alákàn. Bó ṣe ń bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé ń lé sí i, títí á fi tójúúbọ́. Ìkókó lẹ̀ ń pè ní Kìíní yẹn. Òun náà ló dàgbà di Ẹ̀kẹfà. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó bí yín."

Akínbọ̀wálé, akọ̀wé ẹgbẹ́, di ikùn mú fún ẹ̀rín. "Háà! Ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sọ ọ́ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹfà! Olóyè, ṣé àbíkú ni?"

Àwọn onílé tí kì í rẹ́rìn-ín sí ayálégbé rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá mẹ́ta fi já bọ́.

"Akunlé!" Akọ̀wé pariwo. "Pa orúkọ yẹn rẹ́!"

Olóyè fò jáde, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na apá méjèèjì. "Ẹ máa kọ́kọ́ pa èmi ni!"

Ọ̀dà ò sì tíì gbẹ. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, ìwọ̀nba ìdọ̀tí ló ṣẹ́ kù lára ògiri. Gbogbo orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn agbádá, láti ọ̀tún sí òsì. Kò mọ̀. Ó gbórí sókè, ó ń yan lọ sílé.

Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan sá tẹ̀ lé e. "Bàbá, ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò tíì kà á tán!"