Sípírítì Lẹ́nu Alááwẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé: ọjọ́ tí mo fi ọtí sí alááwẹ̀ lẹ́nu ní ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́.

Ayé òyìnbó ni, kí a tó gba òmìnira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkòròdú dé láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni tẹmómítà, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ibà. Ìdajì ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé, ìbáà jẹ́ èékánná ló ń dùn ún, màá wọn ibà rẹ̀.

Báyìí ni bàbá kan tó ń ta ẹja létí ọ̀sà ṣe wọlé nínú oṣù Ramadáànì. Ẹja ló gún un lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ kí a bá òun di ojú egbò náà, kí òun lè bá wọn kírun Àìlà. Bó ṣe la ẹnu láti ṣàlàyé ni mo ti ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Inú ife sípírítì ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́, n ò sì fi omi ṣàn án.

Bàbá tu ú jáde. "Kí ló ń ta mí lẹ́nu yìí?"

"Sípírítì ni, Bàbá. Ó ń pa kòkòrò."

"Ṣé ọtí kọ́?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́. Èmi ní, "Ọtí ni, sà, àmọ́ omi wà nínú rẹ̀. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́rin, mẹ́ta péré ni ọtí." Mo rò pé ìdá kan tó jẹ́ omi yẹn yóò tù ú nínú.

Ó fò dìde. Bí mo ṣe sáré láti mú un jókòó, ìgbọ̀nwọ́ mi gbá ife, sípírítì sì dà sára bùbá funfun tó wọ̀ láti lọ mọ́ṣáláṣí. Gbogbo yàrá ń rùn bí ìsọ̀ ògógóró.

"Ìkòròdú kọ́ lo ti wá," ni Bàbá wí, "inú igbó ni. Ewúrẹ́ ni wọ́n dé fìlà nọ́ọ̀sì fún." Àwọn aláìsàn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣí fìlà mi. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ lọ Ìkòròdú ni màá wọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán fún mi.

Ìgbà náà ni Sístà, ọ̀gá wa, jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, a jẹ̀bi, ẹ forí jì wá. Èmi fúnra mi ni màá fọ aṣọ yín. Àmọ́ ọmọ mi nìyí. Èébú tó bá ṣẹ́ kù, èmi ni kí ẹ bú."

Ó ṣòro láti bú ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá kùn, ó kùn, ó wá ní, "Mi ò kúkú gbé e mì." Ó bọ́ bùbá.

Sístà kọjú sí mi. "Dé fìlà rẹ, kí o di ẹsẹ̀ Bàbá."

Mo dé fìlà, mo sì di ẹsẹ̀ náà dáadáa. Sístà fọ bùbá, ó sì ti gbẹ nínú oòrùn kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá lọ tán, Sístà pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. "Mẹ́ta péré," ló ń wí. "Ta ló bi ọ́ léèrè ìyẹn?" Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bá mi wí kunkun: kí n máa béèrè bóyá ènìyàn ń gbààwẹ̀, kí n máa fi omi ṣan tẹmómítà, kí n sì rántí pé abíyá wà tí a lè fi í sí.

Èmi náà ti di Sístà báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé èébú kì í lé nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń gbèjà rẹ̀ níta, tó sì ń bá a wí nínú yàrá. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ fún aláìsàn tí inú ń bí, mo máa ń fọwọ́ bo ẹnu, kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí n tó jáde lọ kúnlẹ̀.