Itan Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Di Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n

Ẹjọ́ tó dé iwájú Oreste, sìńdákò tó jẹ́ olórí ìlú wa, lánàá, kì í ṣe èyí tá a lè fi ẹnu kékeré ròyìn. Àwa ìgbìmọ̀ ti jókòó, kọfí wa ò tíì tutù, ni Clelia wọlé. Ọrùn ẹ̀wù Ottorino ọkọ rẹ̀ ló dì mú.

"Olóyè, ẹ gbà mí! Itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí mo gbé kọ́ sájà láti ọdún tó kọjá, tí mo ní ká fi ṣe Kérésì, ọkùnrin yìí gbé e fún ọlọ́jà kan, ó fi gba ọṣẹ!"

"Ọṣẹ wo?"

"Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n! Agolo kan báyìí, kò tó ìkúùkù."

Ottorino ní, "Kì í ṣe ọṣẹ lásán o, Olóyè. Ọṣẹ ọlọ́lá ni. Orí òkè ni wọ́n ti ń sè é. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí."

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́ ọ rí, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó dáa?"

"Ohun tó jẹ́ kó dáa gan-an nìyẹn! Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ṣé nǹkan iyì tún nìyẹn?"

Ìgbìmọ̀ mirí. Mo mi tèmi náà, kí wọ́n má baà rò pé kò yé mi.

"Itan ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?"

"Olóyè, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi se ọṣẹ náà. Ẹlẹ́dẹ̀ jáde, ẹlẹ́dẹ̀ wọlé. Kí ló wá sọnù níbẹ̀?"

"Orí ẹ ló sọnù!" ni Clelia fi dá a lóhùn.

Ottorino ní, "Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ọ̀rọ̀. Látìgbà tá a ti kórè àjàrà ló ti ní irùngbọ̀n mi ń gún òun. Nílùú tí wọ́n ti ń fẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì agbowó-orí kí wọ́n tó kí i, ìyàwó mi ń bọ̀ mí lọ́wọ́!"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́.

Ivano, onígbàjámọ̀ wa, jẹ́rìí. "Ọba ọṣẹ ni, Olóyè. Ó ń hó ṣùù, abẹ ń yọ̀ lórí ẹ̀."

"Ìgbà wo lo fi í fárùngbọ̀n?"

"Èmi kẹ̀? Mo kàn gbóòórùn ẹ̀ ni." Irùngbọ̀n tiẹ̀ balẹ̀ dé àyà.

Norma, ìyá Clelia, fò dìde. "Irọ́ ni! Ọṣẹ yẹn ń rùn ju òbúkọ lọ."

Ottorino ní, "Màmá, ta ló wá fi í pa kéèkì lára lọ́jọ́ Àìkú?"

"Èmi ni. Ó ń ta sánsán bí álímọ́ńdì, mo ṣe bí ìpara kéèkì ni."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó ń rùn!"

"Kí Fádà tó jẹ ẹ́ ló ń ta sánsán. Ìgbà tí Fádà ń súre tí ìfóòfó ń tẹnu wọn yọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn."

Clelia ní bí wọ́n bá fi lè dájọ́ pé ọṣẹ náà tó rà, ilé ẹ̀gbọ́n òun ní Modena ni òun ń lọ, ó dìgbóṣe.

Oreste bi Ottorino pé, "Kí lo ń fi fárùngbọ̀n tẹ́lẹ̀?"

"Omi tútù, Olóyè. Omi tútù àti sùúrù."

Gbogbo ilé pariwo. Oreste ní kí Ivano fi ọṣẹ ọlọ́lá fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, kó fi ọṣẹ ìfọṣọ fá ìkejì. Wọ́n di Clelia lójú, ó fọwọ́ dí imú ara rẹ̀ kí òórùn má baà tú àṣírí. Ó fẹnu kan ọ̀tún, ó kan òsì, ó tún padà sí ọ̀tún.

"Ìyáàfin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì péré ló ní."

"Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni, Olóyè." Ó tún kan òsì. "Ọ̀tún ni tọlọ́lá."

Ivano wúkọ́. "Ọṣẹ ìfọṣọ ló wà lọ́tùn-ún."

Oreste dájọ́. "Ọṣẹ náà ò tó rà. Ottorino, gbé e padà, kó o gba itan ẹlẹ́dẹ̀ rẹ wá. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wàá máa lò lọ́tùn-ún, omi gbígbóná lásán lósì. Clelia, torí pé o tan ilé ẹjọ́ jẹ, tó o pe ìfẹnukonu ní àyẹ̀wò, ojoojúmọ́ ni wàá máa fẹnu kan méjèèjì, títí wàá fi lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀."

"Bí mi ò bá wá dá wọn mọ̀ títí láé ńkọ́, Olóyè?"

"Ẹ̀wọ̀n gbére nìyẹn."

Clelia ní òun ò pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.