Omi Tí Mo Kọ̀ ní Pobè

Ọjọ́ tí mo kọ omi ní Pobè kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi da erùpẹ̀ bò mí. Òmìnira wa lọ́wọ́ òyìnbó kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Gàrí ni mò ń tà ní Sakété, èmi àti ìyá mi sì ń gbé yàrá kan tí a yá. Ìyá mi ti darúgbó. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí fún: kí n ra ilé, bó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n lè sin òun sínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lé òun jáde. Inú ilé làwọn àgbà ìgbà náà ń sùn, láàyè àti lókùú.

Mo gbọ́ pé bàbá kan fẹ́ ta ilé yàrá mẹ́ta ní Pobè, ilé amọ̀, páànù lórí. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù, kámíọ̀, mo lọ. Ilé náà wù mí débi pé ńṣe ni mo fajú ro, torí oníṣòwò kì í rẹ́rìn-ín sí ọjà tó fẹ́ rà. Bàbá gbé omi tútù kalẹ̀ nínú igbá. Mi ò mu. Òfin tiwa lọ́jà ni pé ẹni tó bá jẹ nǹkan ọlọ́jà, ẹnu rẹ̀ ti rọ̀, kò lè nájà mọ́. Òùngbẹ sì ń gbẹ mí o, mo kàn ń wo igbá.

Owó tí bàbá pè, tí a bá fi gàrí wọ̀n ọ́n, ọgọ́ta àpò ni. Mo ní kó gba ọgbọ̀n. Mo ní ògiri rẹ̀ ti lanu, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá wò mí, ó wo igbá. Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń lọ kí wọ́n lè pè wá padà. Mo rọra ń gbẹ́sẹ̀. Mo dúró tún ìró ró. Mo bọ́ sálúbàtà, mo gbọn òkúta tí kò sí níbẹ̀ dànù. Mo kí ewúrẹ́ kan. Mo dé ìdí kámíọ̀, ọrùn mi ṣì wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Inú bí mi. Ṣé Pobè nìkan nilé wà ni? Mo sọdá ẹnubodè lọ sí Ìlaròó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tó àádọ́rùn-ún àpò, wọ́n tún ní kí n mú ọmọ onílẹ̀ tó máa dúró fún mi wá. Mo padà sọ́dọ̀ wa, mo lọ sí Àjàṣẹ́. Àwọn akọ̀wé tí ìjọba tuntun ń sanwó oṣù fún ti sọ ilé di ọ̀wọ́n níbẹ̀. Ọkùnrin kan pe ọgọ́fà àpò lé yàrá méjì. Mo bi í bóyá òun náà wà lára ohun tí mo fẹ́ rà. Mo rin ìlú méjì já, bàtà mi já, ilé Pobè ṣì ló pọ́ọ́kú jù.

Mo bá kó owó tí bàbá pè pé, mo padà sí Pobè. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, owó yín rèé, mi ò yọ nǹkan kan.”

Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti tà á. Ìwọ lo kọ̀ ọ́.”

Mo ní mi ò kọ̀ ọ́, mo kàn ń ná an ni.

Ó ní, “Bàbá mi wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá kejì. Omi rẹ̀ la gbé fún ẹ. Ẹni tó bá mu ún la ń ta ilé fún, torí òun ló máa bá a gbé. Ọgbọ̀n tó o pè ò dùn mí. Ǹ bá gba ogójì.”

Àgbẹ̀ tó rà á, wọ́n ní ó mu igbá náà gbẹ, ó tún bèèrè sí i.

Mo délé, mo rò fún ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Sàréè mi lo lọ ń ná ní ìdajì yẹn.”

Ọdún kejì ló kú nínú yàrá tí a yá. Onílé ní òun ò fẹ́ òkú lábẹ́ ilé òun. Mi ò lè bá a jà. A gbé e lọ sóko àbúrò rẹ̀ ní Towé, ìdí ọ̀pẹ ló wà títí dòní, níta gbangba.

Ẹni tó bá ń ra ilé, kó bèèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀ kó tó bèèrè iye rẹ̀. Ní tèmi, ẹni yòówù tó bá gbé omi fún mi báyìí, mo ti ń mu ún kí n tó kí i. Ikùn mi ti di àmù. Onílé mi pàápàá ń fi mí rẹ́rìn-ín, nígbàkígbà tó bá wá gbowó ilé.