Bàtà Mànàmáná àti Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Káfíńtà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́"? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Káfíńtà kan wà ní Ìkirè, Gbádébọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbàgbé òòlù sílẹ̀, ẹ ṣáà dárúkọ Mànàmáná, olórin rọ́ọ̀kì tí gìtá rẹ̀ máa ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta. Gbádébọ̀ mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó mọ ilé-ìwé tí wọ́n ti lé e, àní ó mọ ọbẹ̀ tí kì í jẹ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní àwọn yóò fi gìtá Mànàmáná ta ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ jù lọ́rẹ, ta ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀ bí kò ṣe Gbádébọ̀? Bí ìbéèrè ṣe ń bọ̀ ló ń dáhùn. Nígbà tó yá, ó ku òun àti tíṣà obìnrin kan.

Olóòtú bi wọ́n pé, "Lọ́jọ́ tí iná lọ mọ́ Mànàmáná lórí ìtàgé n'Íbàdàn, kí ló ṣe?"

Tíṣà ní, "Ó bínú lọ sílé ni."

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ó bọ́ bàtà, ó sọ ọ́ sáàárín èrò, ó sì ń kọrin rẹ̀ lọ."

"Irọ́ ni! Ta ló rí i?"

Ibi tí ì bá ti dákẹ́ nìyẹn, torí olóòtú ti ń mi orí pé ó gbà á. Ṣùgbọ́n ara ò gba Gbádébọ̀.

"Ta ló rí i kẹ̀? Èmi ni bàtà náà bà! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún ìyàwó mi pé akokoro ni, torí ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n lọ kan páànù ilé ìyá rẹ̀. Òjò sì pa ìyá yẹn dé eegun!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé gìtá fún un. Bó ṣe ń bọ̀ nílé, gbogbo àdúgbò ń kí i pé, "Káfíńtà, ẹ kú akokoro o!" Ó ń juwọ́ sí wọn, ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni.

Ó wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ìyá ìyàwó jókòó tì í, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Màmá ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ kú oríire. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni bàtà ọ̀hún bà?"

Kí Gbádébọ̀ tó ronú, ẹnu ti ṣáájú rẹ̀: "Tòsì ni, Mọ́mì."

"Ẹ ṣé."

Gbòlàà! Màmá fọ́ ọ létí ọ̀tún. "Kí méjèèjì lè dọ́gba."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹnu ló rojọ́, ètè ló ṣílẹ̀kùn fún un, ìkankan nínú wọn ò sì wú. Ẹ wá rí i pé àwọn àgbà ò purọ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.